Ọmọ Tí Kóòṣì Tà ní Aago 11 Alẹ́

Ògiri ilé alájùmọ̀gbé kan ní Kubwa fẹ́lẹ́ débi pé, bí ẹni tó wà ní yàrá kìíní bá sín, ẹni tó wà ní yàrá kejì á ní "pẹ̀lẹ́ o." Ògiri yẹn ló kó Kóòṣì sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Kóòṣì kì í ṣe kóòṣì níbì kankan o. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan nígboro Àbújá. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń darí Brighton, kíláàbù bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú géèmù Football Manager. Alhaja onílé, ọmọ Ọ̀ffà tó ń ta léèsì ní ọjà Wuse, ò mọ̀yẹn. Òun rò pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Alhaja ń fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ló bá ń gbọ́ ohùn Kóòṣì lórí fóònù:

"Ọmọ ọdún 19 yẹn? Mo ti tà á. Mílíọ̀nù 35, pọ́n-ùn o. Wọ́n á san 15 lójú ẹsẹ̀, ìyókù á máa wọlé fún ọdún 3. Tí wọ́n bá tún un tà, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀, tèmi ni."

Tẹ̀sùbáà dúró.

"Ti Brazil? A ti sanwó ẹ̀, àmọ́ kò tíì pé 18, a ò lè gbé e kọjá àfi lọ́jọ́ ìbí ẹ̀. Ìkejì ẹ̀ ò rí ìwé gbà, màá fi í sí Belgium ná."

Ẹni tó ń gbá géèmù yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn. Òfin FIFA ni kì í sábà jẹ́ kí ọmọ tí kò pé 18 ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, géèmù náà sì ń tẹ̀ lé e. Àjèjì tí kò rí ìwé iṣẹ́ gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè yá a fún kíláàbù ibòmíràn. Ìdá àtúntà yẹn sì pọn dandan fún ẹni tó bá ń ta ọmọdé: ẹni tí máàkì rẹ̀ nínú gbígbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jẹ́ 11 nínú 20 lónìí lè di 15 lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí inú ẹni máa wá bàjẹ́.

Láti 1992 tí Paul àti Oliver Collyer, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́kọ́ gbé géèmù yìí jáde lórúkọ Championship Manager ló ti ń ṣe báyìí fún èèyàn. O ta ẹnì kan, o ní láti wá arọ́pò. O ra arọ́pò, ẹni tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ gbọ́ owó oṣù rẹ̀, ló bá bínú pé kí wọ́n fi kún tòun náà. Ibẹ̀ nilẹ̀ á mọ́ sí.

Àwọn ayédèrú éjẹ́ǹtì tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí, tí wọ́n á já ọmọ sílẹ̀ lókèèrè, ni Alhaja rántí. Ó jí mai gadi. Mai gadi mú tọ́ọ̀ṣì àti kóńdó.

"Kóòṣì! Ṣílẹ̀kùn! Níbo lo kó ọmọ ọlọ́mọ sí?"

Kóòṣì fò dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ fa wáyà yọ. Bátìrì laptop yẹn ti kú tipẹ́, iná tààrà ló ń jẹ. Ojú ẹ̀rọ ṣú. Ó ku wákàtí 2 nínú géèmù kí ọjà agbábọ́ọ̀lù tì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù péré ló sì ní kí géèmù náà máa tọ́jú ibi tó bá dé sínú fáìlì. (Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló dáa, nínú fáìlì 3 tó ń gbara wọn lọ́wọ́, torí bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ọ̀kan, ọ̀kan yẹn lè bàjẹ́.)

Nígbà tó tàn án padà, 1 August inú géèmù ló bá ara rẹ̀. Mílíọ̀nù 35 ti fò lọ. Bọ́ọ̀lù 3 tó ti jẹ, àfi kó tún wọn gbá.

"Ọmọ náà rèé, mà."

Alhaja wọ awò ojú. "Kí ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ yìí?"

"Pé mo fẹ́ tà á ni, mà."

"Ìwọ lo pariwo pé o fẹ́ tà? Báwo ni wọ́n ṣe máa san owó gidi fún ọ? Pa á rẹ́." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló tún ní kó o tajà láwìn ọdún 3?"

Kóòṣì pa á rẹ́. Nígbà tó fi máa di aago 1 òru, kíláàbù yẹn ti gbé 41 wá. Alhaja ní kó má tíì dáhùn.

Mai gadi, ọmọ Kano, ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń fi Hausa ní kí Alhaja bá òun bi Kóòṣì pé èló ni Ahmed Musa agbábọ́ọ̀lù: "Hajiya, a tambaye shi: Ahmed Musa nawa ne?"