Ojú tó dúdú nínú fọ́tò

Kétu, ọ̀sán òní, níwájú Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní Benin: oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà, ojú rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Kámẹ́rà kò bàjẹ́ o. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló rí, ló bá dín gbogbo rẹ̀ kù. Ẹ wá àmì +/- lára kámẹ́rà, òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kún tàbí dín in kù, ẹ gbé e sí +1. Ojú ọ̀run á funfun jù, ẹ jẹ́ ó funfun, ṣebí èèyàn la fẹ́ yà!

Bó bá jẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń jó ni, ẹ gbé ìyára kámẹ́rà, ìyẹn àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá o. Ní 1/60, àti ẹsẹ̀ àti ṣaworo á di kùrukùru.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà atẹ́gùn, èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀ kó tú atẹ́gùn jáde, fẹ́ ẹ kúrò lójú lẹ́ńsì kí ẹ tó fi aṣọ nù ún, torí iyanrìn inú rẹ̀ á ha dígí. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i.