Hóró Oògùn Inú Ìrọ̀rí

Ní ọdún kẹta tí àìsàn ọpọlọ ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi fínra, mo gbọn ìrọ̀rí rẹ̀ nílé wa ní Ìkéré-Èkìtì láti sá a sóòrùn, ni hóró oògùn mọ́kànlélógún bá bọ́ sílẹ̀. Àràárọ̀ ni Màmá wa máa ń dúró tì í títí yóò fi mu omi lé e. A kò mọ̀ pé abẹ́ ahọ́n ló ń fi í pamọ́ sí.

Inú bí mi, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn náà ti padà tí a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ara yín yá ni?" Kò fèsì. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni òwú yẹ̀. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ta ni yóò gbé aṣọ fún ọwọ́ yìí?"

Gbígbọ̀n yìí wà lára ohun tí haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, àti àwọn oògùn irú rẹ̀ lè fà, pẹ̀lú kí ara le gbagidi tàbí kí ẹsẹ̀ má lè dúró sójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni bí aláìsàn bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan kí ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tó tún máa sọ̀rọ̀ sí i létí, tí ará ilé yóò fi rò pé ó ti sàn pátápátá. Àlàáfíà àárín ìgbà yẹn ló tan àwa náà jẹ.

A sì ń pè é ní olóríkunkun! Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2003 pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni kì í lo oògùn wọn bó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń fo oògùn, kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ wọn.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́ fún dókítà, ó dín ìwọ̀n oògùn náà kù, ó sì fi èyí tó ń dín gbígbọ̀n kù kún un. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ń ṣí páálí oògùn báyìí. Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, ó rán bùbá fún Màmá; ọrùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá kan, Màmá sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.