Fíìmù ọrùn mi dé

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Fíìmù X-ray tí wọ́n yà fún mi ti dé. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò gùn: eegun kankan kò ṣẹ́, eegun kankan kò yẹ̀, àmọ́ ọrùn mi ti nà gbọnrangandan, ibi tó yẹ kó tẹ̀ kò tẹ̀ mọ́. Ràfíátù, ọmọṣẹ́ mi, gbé e sójú iná, ó wò ó lọ́tùn-ún lósì, ó ní, "Àǹtí, ó kúkú gún régé. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Ọmọ tí mò ń lé lójoojúmọ́ pé kó rí i pé ìlà ìránṣọ rẹ̀ tọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Eegun méje ló wà lọ́rùn èèyàn. Àgùnfọn náà, pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn rẹ̀, méje náà ló ní. Bí èèyàn bá dúró, tí a wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọn eegun yìí kì í tò lórí ara wọn ní títọ́. Wọ́n máa ń rọra tẹ̀ síwájú, sọ́nà ọ̀fun, ìpàkọ́ á sì ní kòtò díẹ̀. Ìtẹ̀ náà kò rí bákan náà lára gbogbo wa, àmọ́ láàárín dígíríì 20 sí 40 ni àwọn dókítà sábà máa ń pè ní èyí tó dáa. Òun ló ń jẹ́ kí orí, tó wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 5, jókòó sáyè rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹran ẹ̀yìn ọrùn ń dì í mú tọ̀sán-tòru. Tó bá ti nà, orí á sún síwájú, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí kèrékèré tó wà láàárín eegun kan sí èkejì, pàápàá lápá iwájú. Bó bá wá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kèrékèré á máa gbó, eegun á máa hù jáde létí. Ẹni tí tiẹ̀ bá burú gan-an, ọrùn náà á tẹ̀ sódì pátápátá, á sì máa na mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn okùn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara.

A kò bí ìtẹ̀ yìí mọ́ wa tán. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti ẹran ara, sọ fún mi. Ẹ̀yìn ìkókó ká síwájú látòkè délẹ̀, bó ṣe ká nínú ikùn ìyá rẹ̀. Ìgbà tó bá tó bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tí wọ́n dá a dojúbolẹ̀, tó ń tiraka láti gbé orí, ni ìtẹ̀ ọrùn ń jáde dáadáa. Lójú ẹsẹ̀ ni mo rántí àkọ́bí mi lórí ẹní ní Ìkirè, tí ìyá mi jókòó tì í, tó ń mi ṣẹ́ẹ́rẹ́ lókè orí rẹ̀ kó lè wòkè. Ọmọ náà á gbé orí, orí á gbọ̀n, á tún já lulẹ̀, itọ́ á kún ẹní. Ìyá mi á ní ọrùn rẹ̀ kò tíì le o, kí n fi ọ̀já gbá a lórí mú tí mo bá pọ̀n ọ́n. Àṣé ọmọ yẹn ń kọ́ ọrùn ara rẹ̀ ni.

Ọ̀nà tí ìtẹ̀ náà lè gbà lọ pọ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó fi orí síwájú sẹ́yìn lójijì lè fà á. Ọjọ́ orí lè fà á, nítorí pé kèrékèré máa ń gbẹ. Irú làkúrègbé kan wà tó ń lẹ eegun ẹ̀yìn pọ̀, òun náà lè fà á. Tèmi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni. Ẹ wá wo télọ̀ nígbà tó bá ń ran ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn léèsì: ojú wà níbi tí abẹ́rẹ́ ń wọlé, àgbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, èjìká méjèèjì ti gun òkè lọ bá etí. Gílóòbù kékeré tó wà lára máṣíìnì mi ti jóná tipẹ́, nítorí náà mo tún máa ń tẹ̀ sí i. Bí oníbàárà bá wọlé, ọwọ́ ni mo fi ń kí i, n kì í gbé orí. Tí mo bá délé, fóònù ló kàn.

Lọ́dún 2014, dókítà iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kan ní New York, Kenneth Hansraj, fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹrù tí orí ń dì lé ọrùn bí èèyàn bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síwájú tó. Ní dígíríì 15, ó di nǹkan bíi kìlógíráàmù 12. Ní 30, ó di 18. Ní 60, tí í ṣe bí a ṣe ń wo fóònù lórí itan, ó di 27. Àpò ìrẹsì kékeré tí mò ń rà ní ọjà Kúbwá, 25 ni. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ni o, kì í ṣe pé wọ́n gbé ọrùn alààyè sórí òṣùwọ̀n. Físíò kìlọ̀ fún mi gidi kí n má máa sọ ọ́ kiri bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Mo gbọ́, àmọ́ èjìká mi kò nílò ẹ̀rí kankan mọ́.

Nígbà tí mò ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, tí ọkọ̀ yà kúrò lójú títì márosẹ̀ wọ Kúbwá, mo rí àwọn obìnrin Gbàgyí tó ń ti oko igi bọ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbé Àbújá kò lè mọ̀: àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kì í ru ẹrù lórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé igi ìdáná lé, ìdì gbọọrọ, ọwọ́ kan dì í mú, orí yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ní orí ni olórí ara, a kì í di ẹrù lé ọba. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Àwa tí à ń bọ orí, tí à ń kí orí, tí à ń ní kí orí má ṣe gbàbọ̀dè, àwa náà la ń fi òṣùká sórí tí a sì ń gbé korobá omi lé e láti kékeré. Ní Ghana, àwọn oníwádìí ti ya X-ray ọrùn àwọn tó ń fi orí ru ẹrù, wọ́n sì rí i pé eegun ọrùn wọn gbó ju ti àwọn tí kì í rù ú lọ.

Físíò ọ̀hún, ọmọ Ìlọrin ni, ó lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá. Mo nawọ́ fíìmù sí i, ó wò ó fìrí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú kọ́kọ́ bí mi, nítorí pé mo sanwó fíìmù náà. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ wò." Ó ní kí n là á kí n pa á kíákíá. Ó di ìka àárín mi mú, ó fi èékánná tirẹ̀ ta èékánná mi lẹ́ẹ̀kan, ó ń wò bóyá àtàǹpàkò mi máa fò. Kò fò. Ó ní kí n bọ́ bọ́tìnì aṣọ mi kan, kí n tún dè é. Ó ní kí n máa rìn, kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka èkejì, bí ẹni ń rìn lórí okùn. Ó bi mí bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n mí lójijì. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ló tó mí kanlẹ̀. Ó ní bí ọwọ́ bá ti ń já nǹkan sílẹ̀, tí bọ́tìnì ń di iṣẹ́, tí ẹsẹ̀ ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ̀, tí ìtọ̀ kò gbọ́ràn mọ́, a jẹ́ pé mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fún pa, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ni, kì í ṣe ti físíò, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́.

Tèmi kò tíì dé ibẹ̀. Orí ń fọ́ mi láti ìpàkọ́ wá sẹ́yìn ojú, ọrùn máa ń gan láàárọ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún àti ìka tó tẹ̀ lé e sì máa ń ṣe mí yìnrìnyìnrìn lóru. Ó ní àwọn ìka méjì yẹn gan-an jẹ́ kó mọ iṣan tí wọ́n ń yọ lẹ́nu: èyí tó ń gba àárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà jáde.

Ó wá sọ ohun tí n kò retí. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ń rìn kiri Àbújá tí ọrùn wọn nà bíi tèmi, tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Bí ẹran ọrùn bá ká tìtorí ìrora, ó lè na eegun náà fúngbà díẹ̀. Kódà bí èèyàn bá tẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya X-ray, ìtẹ̀ lè sọnù nínú fíìmù. Ó ní òun ti rí ẹni tí ìrora rẹ̀ lọ tí fíìmù rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Èmi gbà pé òótọ́ ló sọ, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń kọ èsì fíìmù máa sọ ọ́ fún aláìsàn kó tó lọ sùn pẹ̀lú ìpayà.

Ìyá Ìbejì kò gbà ní tiẹ̀. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láti ìrọ̀lẹ́. Bàbá kan wà tó máa ń yí ọrùn, ó ní á dún "kàà!" lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Mo ní, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ méjì ló gba inú ihò ara eegun ọrùn yẹn gòkè lọ sí ọpọlọ. Ẹni tó bá yí i lójijì tí ọ̀kan fi ya, rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ n kò fẹ́ kó jẹ́ orí tèmi. Ó ní ìwé àkàjù ń dà mí láàmú.

Ohun tí físíò fún mi kò ní ariwo nínú. Kí n jókòó gbọn-in, kí n fa àgbọ̀n sẹ́yìn bí ẹni tó ń kọ̀ kí wọ́n fẹnu kò ó lẹ́nu (bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, ọmọ yìí), kí n dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, kí n tún un ṣe nígbà 10. Kí n fa eegun èjìká méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Kí n máa dìde kúrò nídìí máṣíìnì lóòrèkóòrè, ó kéré tán kí n lọ wo ìta. Ìrọ̀rí kan, kì í ṣe méjì. Mo bèèrè bóyá kí n ra kọ́là ọrùn tí wọ́n ń tà ní Wúsé. Ó ní bí mo bá ń wọ̀ ọ́ ṣáá, ẹran ọrùn tó yẹ kó lágbára á tún rọ sí i.

Ó sì ní kí n gbé tábìlì máṣíìnì ga. Mo pe káfíńtà, ó ní ẹsẹ̀ tábìlì onírin kọ́ ni iṣẹ́ òun, wẹ́dà ni kí n wá. Wẹ́dà ní kí n kàn gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. A jọ fa á títí, ó gbà pé òun á wá wọ̀n ọ́n ní Sátidé. Ràfíátù á pààrọ̀ gílóòbù lọ́la. Aṣọ ẹbí àwọn ará Lọ́kọ́ja ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún ìyá ìyàwó pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kò ní pọ̀ tó bí a ṣe sọ ọ́. Kò tíì dá mi lóhùn.