Oògùn Àtijọ́ Ni Kèké Mú fún Mi, Síbẹ̀ Mo Wá Dúpẹ́

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀yìn dídùn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Mo pè é ní àárẹ̀, mo pè é ní ọjọ́ orí. Ìgbà tí wọ́n fa mùdùnmúdùn inú eegun mi yẹ̀ wò ni wọ́n tó sọ fún mi pé myeloma ni: jẹjẹrẹ tó ń fi mùdùnmúdùn ṣelé, tó ń jẹ eegun, tó ń sọ èèyàn di aláìlẹ́jẹ̀, tó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n tọ́jú mi, ara tù mí, a yọ̀. Kò pé ọdún méjì tó fi padà.

Pípadà yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà mi ní òun ṣì ní oògùn tí òun lè fún mi, àmọ́ kí n wá ìwádìí oògùn tuntun tó bá mi mu náà. Àkọ́bí mi obìnrin ló jókòó ti ClinicalTrials.gov, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń to irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ láti ọdún 2000. Ó tẹ orúkọ àìsàn náà, èsì rọ́ jáde lọ bẹẹrẹ, ó rú wa lójú. A kọ́kọ́ ń ka gbogbo rẹ̀, àṣìṣe gbáà! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la gbọ́n: a yọ àwọn tí kò gba èèyàn mọ́ kúrò, a lọ tààrà síbi tí wọ́n kọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé sí, a wá kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwádìí kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT, lára àwọn tó kù, a gbé e lọ bá dókítà.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú já mi kulẹ̀. Kíndìnrín mi kò ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé. Ìkejì ní kí n wá.

Ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí nípọn. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sílé, kí n má kánjú. Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́, inú bí i: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ ni?" N kò dá a lẹ́bi, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo kọ ìbéèrè mi sínú ìwé, mo kó o bá nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìwádìí náà. Ṣé ẹ ò ní máa fún mi ní ohun tí kò ní oògùn nínú? Ó ní rárá, ìpele kẹta ìwádìí la wà, níbi tí a ti ń fi oògùn tuntun wé ìtọ́jú tó ti wà; nínú tiwa yìí, gbogbo yín lẹ máa gba ìtọ́jú tí a ti mọ̀, àwọn kan ló máa gba oògùn tuntun mọ́ ọn. Bí mo bá fẹ́ kúrò ńkọ́? Ó ní ọjọ́ tó bá wù yín, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, a ò sì ní tìtorí ẹ̀ pa ìtọ́jú yín tì. Mo fọwọ́ sí i.

Dókítà kò lè yàn, èmi náà kò lè yàn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké. Kèké mú mi sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní gba oògùn tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo bínú sí Ọlọ́run. Gbogbo wàhálà yìí, ká wá fún mi ní ti àtijọ́! Nọ́ọ̀sì yẹn ló pè mí jókòó. Ó ní bortezomib, oògùn àtijọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yìí, ọdún 2003 ni wọ́n tó gbà á wọlé ní Amẹ́ríkà, àwọn aláìsàn bíi tèmi ló sì kọ́kọ́ gbà á nínú ìwádìí nígbà tí ẹnì kan kò tíì mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́. N kò lè fèsì.

Abẹ́rẹ́ náà, abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí. Dexamethasone, oògùn míì tí wọ́n fi kún un, kì í jẹ́ kí n sùn, mo á máa to aṣọ lóru. Nígbà tó yá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Èmi ì bá dákẹ́, àmọ́ wọ́n ń béèrè nípa ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, wọ́n dín ìwọ̀n oògùn kù, kò sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èròjà burúkú tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. N kò sọ pé mo ti bọ́ pátápátá, wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa àìsàn yìí. Mo ń rìn láìfi ọwọ́ di ẹ̀yìn mú.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ yẹn ṣáájú mi. Òmíràn nínú wọn kò sí láyé mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa gba ẹ̀jẹ̀ mi. Àbúrò mi ló ní òun máa gbé mi lọ.