Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ ní Georgia, Ojú Irin ní Ìkirun

Àwòrán kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ọsàn tó ń dán lójú, mo gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ẹrẹ̀ pupa bo bàtà mi dé ọrùn ẹsẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìkirun: "Ṣé torí àtimáa ṣánko fún òyìnbó lo ṣe kúrò nílé? Ọ̀nà ilé bàbá ẹ ńkọ́?" Àbúrò mi obìnrin fẹ́ gbè mí, ṣùgbọ́n tiẹ̀ gan-an ló wọ̀ mí lára jù: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi Àǹtí sílẹ̀ jàre. Eré ìdárayá ni wọ́n ń ṣe. Kí ló kàn wọ́n nínú ọ̀nà líla? Ìjọba ibẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ fún wọn."

N kò dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ fi ìbínú dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. Ohun tí ǹ bá sọ nìyí.

Ìwọ̀-oòrùn Atlanta ni mò ń gbé, ọdún kẹtàlá rèé. Ọ̀nà kan wà lágbègbè wa tí wọ́n ń pè ní Silver Comet. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ń kó èrò láti New York lọ sí Birmingham ní Alabama láti 1947 títí di 1969. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rélùwéè pa apá ibẹ̀ tì, ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ra ilẹ̀ náà ní 1992. PATH Foundation, àjọ aládàáni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Atlanta ní 1991 láti máa wá owó fún irú ọ̀nà báyìí, bá ìjọba àtàwọn káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, pawọ́ pọ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ó ti lé ní máìlì 61 báyìí, láti Smyrna dé ààlà Alabama, níbi tó ti so mọ́ ọ̀nà Chief Ladiga tó lọ dé Anniston. Mọ́tò kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ni ín. Rélùwéè kì í gun òkè ṣóṣóró, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó tó ń fọ̀pá rìn àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ fi jọ ń lò ó. Bí ẹ bá dé orí afárá Pumpkinvine, ilẹ̀ jìn sísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 126, orí igi nìkan lẹ ó máa rí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró lórí afárá yẹn, Ìkirun ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ mọ ojú irin tó ti Èkó lọ sí Kánò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ń gbà lọ síléèwé, à ń fo igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń kà á. Bí mo bá pàdé àgbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo máa kúnlẹ̀. Wọ́n á béèrè ìyá mi, wọ́n á béèrè bàbá mi, wọ́n á ní kí n kí wọn. Ìyókù nípa ilé, iná tí kò sí, ihò ojú títì, owó epo, ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ tí ẹ kò tíì gbọ́.

Ní Georgia, ọdún kan gbáko ni mo fi rìn lórí Silver Comet kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á kọjá. Wọn kò burú, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibi tí wọ́n ti ń kí èèyàn kú ìrìn, kú oòrùn, kú àtijọ́ wá, yóò mọ irú ebi tí mò ń sọ.

Ohun tó mú mi kúrò nídìí ìrìn lásán tó gbé mi dé ìdí ọ̀nà líla ni pé ọ̀nà náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ẹ̀yìn ilé mi dé ibẹ̀ kò tó máìlì kan, ṣùgbọ́n títì ńlá tí mọ́tò ti ń sáré àsápajúdé ló wà láàárín, kò sì sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún 13, gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mọ́tò gbá a sínú kòtò. Ọlọ́run yọ ọ́, ọwọ́ nìkan ló kán. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwa mọ́kànlá pàdé nínú yàrá kan ní láíbìrì, a ní a fẹ́ la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti àdúgbò wa dé Silver Comet. Mo rò pé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ló gbà kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọdún mẹ́ta yẹn, torí inú rẹ̀ ni ìjọba tí àbúrò mi ń wí wà.

Ilẹ̀ la kọ́kọ́ bá jà. Ọwọ́ ẹni mẹ́rin ni ilẹ̀ tí ọ̀nà máa gbà kọjá wà: ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí wáyà rẹ̀ gba ibẹ̀, káúńtì, àti bàbá arúgbó kan. Wọn kì í fẹnu lásán sọ pé ẹ máa kọjá. Lọ́yà ló máa kọ ọ́, wọ́n á sì fi sílẹ̀ ní kóòtù káúńtì, pé gbogbo ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ibẹ̀ kọjá títí láé, bí wọ́n bá ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn pàápàá. Bàbá arúgbó yẹn ní olè ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé òun. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la lọ bá a pẹ̀lú máàpù àti ìwé. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, èmi nìkan ni mo lọ. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín dání, mo jókòó, mo jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó kú. N kò mẹ́nu ba ọ̀nà rárá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló pè pé kí a mú ìwé wá kí òun buwọ́ lù ú.

Ilẹ̀ tán, ìwé kù. Awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Odò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọmọdé lè fò kọjá, odò yẹn nìkan jẹ oṣù mẹ́jọ, torí ẹni tó mọ̀ nípa omi àti ẹja gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá sàréè tàbí ohun àtijọ́ wà nínú ilẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ń bẹ níbẹ̀. Ìpàdé gbangba ń bẹ níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni lè dìde kó ní òun kò fẹ́, ẹni mẹ́ta sì dìde. Ibi àkọ́kọ́ tí a kọ̀wé sí fún owó dá gbogbo ìwé wa padà torí pé ẹnì kan kò buwọ́ lu ojú ewé kan. Ọdún kan la fi dúró kí wọ́n tó tún máa gba ìwé. Mo sunkún nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, kí n tó lè wakọ̀ délé.

Owó wá ńkọ́? Láti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Recreational Trails Program. Ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá bọ́gbọ́n mu lójú mi: owó orí epo bẹntiróòlù tí àwọn alùpùpù inú igbó àti ẹ̀rọ orí yìnyín ń jó ni. Níwọ̀n bí wọn kì í ti í gun títì, owó orí wọn ń lọ sórí ọ̀nà inú igbó. Ó lè san 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yin ni ẹ ó wá 20 tó kù. Àwa mọ́kànlá kọ́ ló sì lè tọrọ rẹ̀, àfi kí káúńtì tọrọ rẹ̀ fún wa. Káúńtì gan-an á kọ́kọ́ ná owó, á tọ́jú rìsíìtì, kí wọ́n tó dá a padà fún un. Káúńtì wo ló máa ná owó sílẹ̀ nítorí àdúgbò kan bí àwọn ará ibẹ̀ kò bá máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́?

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ sẹ́ǹtì kan. Ní Georgia, ará káúńtì lè dìbò pé kí wọ́n fi sẹ́ǹtì kan kún owó orí ọjà lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan fún iye ọdún kan, kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ìbò. SPLOST ni wọ́n ń pè é. Kí ọ̀nà wa tó wọ inú ìwé yẹn, a lọ jókòó níwájú àwọn kọmíṣọ́nnà tó ń ṣàkóso káúńtì ní ìgbà mọ́kàndínlógún. Mo ti ibi iṣẹ́ lọ síbẹ̀ tààrà, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi, mo dúró sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fún mi, mo sọ ti ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ kán. Ìbò dé, a wọlé. Sẹ́ǹtì yẹn wà lórí ìrẹsì àti ẹran tí mò ń rà. Àbúrò mi, ìjọba tó ń ṣe gbogbo ẹ̀ fún wa nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Nínú 20 tó jẹ́ tiwa, wọ́n gbà kí a ka iṣẹ́ ọwọ́ wa mọ́ owó. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa: orúkọ, ọjọ́, wákàtí. Gbogbo wákàtí tí mo fi gbé ṣọ́bìrì ni wọ́n ṣírò sí dọ́là, wọ́n fi kún ìdá tiwa. Oko tí wọ́n ní mò ń ṣán fún òyìnbó nìyẹn.

Nílé, bí ọ̀nà odò bá dí, wọ́n á lu agogo lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tàgbà tèwe á gbé àdá, àwọn obìnrin á gbé omi àti ẹ̀kọ tẹ̀ lé wọn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀nà ti là. Ẹni tí kò bá jáde á san owó ìtanràn, ọ̀rọ̀ parí. Mo sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣèpàdé, pé ní ìlú mi, à bá ti parí iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ Sátidé kan. Wọn kò gbà mí gbọ́, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà odò yẹn kò sí mọ́. Mo lọ sílé ní 2022, mo bá ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà lórí rẹ̀. Ẹnì kan ra ilẹ̀ ọ̀tún, ẹnì kan ra ti òsì, wọ́n pín ọ̀nà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kò sí ìwé kankan níbikíbi tó sọ pé ọ̀nà ni. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ọ̀nà ni, mímọ̀ yẹn kò sì já mọ́ nǹkan kan nígbà tí búlọ́ọ̀kù dé. Gọ́tà iwájú ilé bàbá wa tí àwa ọmọ ìlú tó wà ní Georgia dáwó fún ní 2019 náà ńkọ́? Wọ́n gbẹ́ ẹ díẹ̀, iṣẹ́ dúró, a béèrè ìṣirò owó títí ó fi sú wa. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ nípa rẹ̀, òun ló ń bá wa lọ wò ó. Bó bá wá bi mí léèrè ọ̀nà ilé bàbá mi, mo ti sanwó rẹ̀ rí.

Nítorí náà ni ìwé tó pa mí lẹ́kún nínú mọ́tò ṣe di ohun tí mo fẹ́ràn. Bí bàbá arúgbó yẹn bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà á ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ mi á gbà á kọjá. Ohun tó dá mi dúró síbí nìyí, ju owó oṣù lọ. Ibi tí làálàá mi bá ti lè pẹ́ nílẹ̀ ni mo fẹ́ wà.

Nígbà tí iṣẹ́ gan-an wá dé, ó dùn. Agbaṣẹ́ṣe ló da kọnkéré sí apá tó súnmọ́ ilé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní fífẹ̀. Apá tó gba ara òkè inú igbó kọjá, ọwọ́ wa la fi gbẹ́ ẹ. Ọkùnrin tó wá kọ́ wa níṣẹ́ ní omi ló ń ba ọ̀nà jẹ́, ju ẹsẹ̀ àti táyà lọ. Ẹ má la ọ̀nà láti orí òkè wá sísàlẹ̀ gbọọrọ, ẹ gba ìbú òkè. Bí òkè bá da tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé bí ẹ bá rìn ẹsẹ̀ bàtà 100 síwájú, ẹ ó ti gòkè 20, ọ̀nà kò gbọdọ̀ da ju 10 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á sọ ọ́ di ojú odò. Ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀nà tẹ̀ díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀, bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àgbàrá lè kọjá lórí rẹ̀ láìdúró.

Mo ń gbọ́, ojú mi ń ṣomi. Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe ọ̀nà oko rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Á gba ìbú òkè, á sì fi ọkọ́ fa ojú àgbàrá dábùú ọ̀nà níbi tó bá mọ̀ pé omi á ti ya wá. Mo gba irinṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà, èyí tí wọ́n ń pè ní McLeod, ojú kan rẹ̀ dà bí ọkọ́, ojú kejì ní eyín bíi ti réèkì, mo sì fi bí bàbá mi ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Ó béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní Ìkirun ni. Ojú àgbàrá mẹ́ta tó wà lápá ibẹ̀ lónìí, ọwọ́ mi ni.

Àná ni ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ojú irin Ìkirun ni. Koríko ti bò ó, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán nítorí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ó yé mi pé ìbéèrè ló ń béèrè. Èmi kò fẹ́ kí wọ́n hú irin yẹn, rélùwéè ni mo fẹ́ kó padà síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí pàápàá, láti 1983 ni òfin ti gbà kí wọ́n fi ilẹ̀ ojú irin ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ó má bàa pòórá, kí rélùwéè lè padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn, a lè wọ̀n ọ́n, a sì lè kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹlòmíràn tó kó búlọ́ọ̀kù dé. Mo ti bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ní Òṣogbo. Wọn kò tíì dáhùn.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, à ń lọ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́ lọ. Wákàtí mẹ́rin ni mo ti ní kí akọ̀wé kọ sílẹ̀ fún mi.