Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe adájọ́ níbi àfihàn sáyẹ́ǹsì

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ṣe àfihàn sáyẹ́ǹsì, irú àwa yìí ni wọ́n máa ń wá kàn pé ká wá fún àwọn ọmọ ní máàkì. Owó kò sí níbẹ̀. Máótì tútù àti mítípáì ni, bóyá kí wọ́n tún fún yín ní ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ṣi orúkọ yín kọ sí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ. Kí ẹ ṣáà rí i pé iṣẹ́ ọmọ lẹ fún ní máàkì, kì í ṣe owó bàbá rẹ̀.

Ohun tó máa kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú ni tábìlì tó ń tàn yòò: pátákó ńlá aláràbarà, gílóòbù kéékèèké, mọ́tò tó ń yí. Ẹ kọjá níbẹ̀ ná. Níbi ISEF, ìdíje sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia lọ́dún 1950, tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń lọ báyìí, máàkì 10 péré nínú 100 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún pátákó tí ọmọ gbé kalẹ̀. 25 ni ti ọ̀rọ̀ tí adájọ́ bá ọmọ náà sọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fún yín lè má rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ fi ìpín yẹn sọ́kàn.

Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ni, "Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́?" Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ á rẹ́rìn-ín. Á ní kẹ́ẹ̀gì tí àwọn fi ṣe báyógáàsì ń jò, pé ìgbẹ́ màlúù tí àwọn kọ́kọ́ bù sí i kò mú gáàsì kankan wá, pé àwọn màmá ilé ìdáná lé àwọn jáde nítorí òórùn. Èyí tí tíṣà bá ṣe é á wo ojú tíṣà. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Tí ẹ bá já a lẹ́nu, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí. Ẹ má fi ìyẹn fìyà jẹ ọmọ náà o. Ẹ wá apá tó jẹ́ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹ bi í nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀fọn lẹ máa rí jù. Èèpo ọsàn, ewé ẹfinrin, dóńgóyárò: wọ́n jó o, ẹ̀fọn sá, iṣẹ́ parí. Ẹ bi wọ́n pé tó bá jẹ́ bébà lásán lẹ jó ńkọ́, ṣé ẹ̀fọn ò ní sá fún èéfín? Ọ̀pọ̀ wọn kò ronú débẹ̀. Ọmọbìnrin SS1 kan ti ronú débẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yàrá mẹ́ta ló lò: ó jó èèpo ọsàn ní ọ̀kan, ó jó háríhá àgbàdo tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ọsàn dọ́gba ní èkejì, kò jó nǹkan kan ní ẹ̀kẹta. Alaalẹ́ ló ń pààrọ̀ yàrá, torí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, "yàrá tó sún mọ́ gọ́tà á kúkú ní ẹ̀fọn jù, mà." Ìgbà tí èsì jáde, háríhá náà lé ẹ̀fọn, díẹ̀ báyìí ni ọsàn fi jù ú lọ. Tíṣà rẹ̀ ń tijú, ó ń sọ fún mi lábẹ́lẹ̀ pé àwọn á tún un ṣe. Èmi ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Èsì já ọmọ yìí kulẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Òun ni máàkì mi ga fún jù lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ pẹ́ńsù ló fi fa ìlà èsì rẹ̀.

Nǹkan míì wà tí fọ́ọ̀mù kì í sọ: ọmọ tí a tọ́ nílé kì í já àgbà nírọ́. Tí ẹ bá ní, "Òróró inú èèpo yẹn ló lé wọn, àbí?", "Yẹ́ẹ̀sì mà" lẹ máa gbọ́, ì báà má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹ fa àga, ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ lè ṣe déédéé. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá sì ń há a lọ́fun, ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé àwọn alákòóso kan kò fẹ́ràn èyí, wọn á sì lejú mọ́ yín. Ọmọkùnrin kan ń kálòlò nídìí omi zobo rẹ̀ títí mo fi ní kó bọ́ sí Yorùbá. Ló bá ní, "Ẹ wò ó mà, ó pọ́n. Tí mo bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á tún pọ́n sí i. Tí mo bá bu omi kán-ún sí i, á ṣú, á wá dà bí ewé." Mo ní omi ọṣẹ dúdú ńkọ́? Kò sí ọṣẹ dúdú lórí tábìlì rẹ̀. Ó wojú àjà díẹ̀. "Á ṣe bíi ti kán-ún, mà. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú." Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ JSS3?

Jẹnẹrétọ̀ tí kò lo epo kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe wá, kò yà mí lẹ́nu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, níbi Maker Faire Africa l'Ékòó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń lo ìtọ̀ wá, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé. Ìbéèrè àwọn onímọ̀ ni pé iná tí wọ́n fi ya háídírójìn, gáàsì tí jẹnẹrétọ̀ náà ń jó, kúrò lára ìtọ̀ yẹn ńkọ́, níbo ló ti wá, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó? Ohun tí ẹ máa bi ọmọ náà nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ní kó tan án, kí ẹ lọ wo tábìlì míì, kí ẹ tó padà wá. Tí gílóòbù bá ti ń ṣú, ẹ bi í pé kí ló fà á. Tó bá ní bátìrì ló ń lọ sílẹ̀, ó ti mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá a kọ sórí pátákó lọ.

Tí ọmọ yín tàbí ọmọ ará ṣọ́ọ̀ṣì yín bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé yín sí ẹ̀ka míì. Ẹ má tíì kọ máàkì tó kẹ́yìn sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí bí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin, torí ọwọ́ máa ń le mọ́ ẹni tí a kọ́kọ́ rí. Ẹ kọ gbólóhùn kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nípa ohun tó kù kó ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì, tí òbí kan bá wá ká yín mọ́ ìdí mọ́tò pé kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ ọmọ òun kò gba ipò kìíní, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní alága àwọn adájọ́ ṣì wà nínú gbọ̀ngàn, kí ẹ wọ mọ́tò yín.