Mo wọ àfin Racconigi

Torino, ní àríwá Ítálì, ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lónìí. Racconigi kò jìnnà rárá. Ìlú kékeré ni, òwò sílíkì ló sọ ọ́ di ìlú olówó láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n àfin ọba ni èrò ń bá lọ síbẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó gbé àfin yẹn, Emanuele Filiberto, ọmọ aládé Carignano, ló wù mí jù. Adití ni wọ́n bí i ní 1628. Wọ́n wá olùkọ́ ará Spéìn fún un, ó mọ̀wé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó tilẹ̀ lọ sójú ogun. Ní 1676, òun ló ní kí Guarino Guarini, ayàwòrán ilé, bá òun sọ ilé olódi àtijọ́ náà di àfin. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kó tó gbé Angelica Caterina ti Modena níyàwó. Louis XIV, ọba Faransé, ní òun ò fọwọ́ sí i. Emanuele ò tilẹ̀ wo ojú Louis.

Ọgbà ẹ̀yìn àfin tóbi débi pé ẹsẹ̀ ń ro mí báyìí. Ẹyẹ àkọ̀ ń kọ́ ìtẹ́ sórí òrùlé, wọ́n ń kan àgógó mọ́ra, kà-kà-kà-kà. Irú wọn ti dàwátì ní Ítálì tipẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n níbí ní 1985.

Ní oṣù Kẹwàá 1909, Tsar Nicholas II, ọba Rọ́ṣíà, wá bá Ọba Vittorio Emanuele III ti Ítálì mulẹ̀ níbẹ̀ lórí ọ̀ràn Bálíkánì, ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù. Tsar ń bínú sí Austria, kò sì fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wọn, ló bá yí gba Jámánì àti Faransé. Ẹ ò rí i pé inú ń bí ọba!

Àwọn ọmọ Vittorio ni ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára. Mafalda ṣègbéyàwó ní àfin yìí ní 1925. Buchenwald, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì ní Jámánì, ló kú sí ní 1944. Umberto, àbúrò rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1904. Ó gorí ìtẹ́ ní oṣù Karùn-ún 1946, àwọn ará ìlú dìbò lé ìjọba ọba lọ ní oṣù Kẹfà, ó sì gba ilẹ̀ Potogí lọ. Nígbà tí ìjọba Ítálì ra àfin náà ní 1980, ó ṣì wà láyé, òfin ni kò jẹ́ kó padà wálé. Èmi àlejò lásánlàsàn, tíkẹ́ẹ̀tì ni mo rà wọlé.